Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe fi Land Rover gba Píjò 504 lọ́wọ́ Bàbá Tísà

Ọjọ́ Àìkú kan ni, ní oṣù Kẹrin ọdún 2023. Àmàlà ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀ ni fóònù ẹ̀gbọ́n mi dún. Bàbá Tísà ló ń pè láti Ìgbóọrà. Bàbá ò béèrè ìyàwó, wọn ò béèrè ọmọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n torí ẹ̀ pe ènìyàn, owó orí fóònù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ọkọ̀ rẹ ń rú èéfín o."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ náà ti di tiwọn. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n sì ti fi hàn pé, "Ẹ wá wo ọkọ̀ mi." Ọjọ́ tó rú èéfín ló padà di ti ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ pa á, sà! Ẹ yọ orí bátìrì!"

"A ti pa á. Réwáyà wa ló wà níbí. Ó ní Land Rover kì í ṣe tuntun sí òun, àtìgbà tí òun ti ń kọ́ṣẹ́ ni òun ti ń ṣe é."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbólóhùn yẹn ló fọ ọwọ́. Kò padà sídìí àmàlà náà mọ́.

Àwọn ènìyàn ti sọ ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ yìí kiri lóríṣiríṣi. Àwọn kan ní Bàbá Tísà ló rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ, àwọn mìíràn ní ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ fún arúgbó. Èmi ni mo tẹ ìwé àdéhùn náà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe, kò sì sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Ní 2017 ni ẹ̀gbọ́n mi rí Land Rover náà ní gbànjo. Oko kòkó kan ló ti fi ṣiṣẹ́ rí, tí wọ́n wá gbé e tì sí ẹ̀yìn ilé ẹrù. Igi ìbẹ́pẹ kan ti hù gba àárín ìjókòó rẹ̀, ó ti so méjì. ₦180,000 ni ó rà á. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọ délé, ìyá wa yí i po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bi í léèrè bóyá owó ìbẹ́pẹ wà nínú iye yẹn.

Ọdún 1964 ni wọ́n ṣe é ní Solihull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Series IIA ni, èyí tó gùn nínú wọn, tó jẹ́ ínṣì 109 láti àárín taya iwájú dé àárín taya ẹ̀yìn. Àwọn tó ń ra àlòkù irin ti na owó sí i kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé, nítorí bọ́dì rẹ̀ kì í ṣe irin tó ń dípẹtà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, irin di ọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, alumíníọ̀mù ni wọ́n ń rí, òun ni wọ́n sì fi ṣe bọ́dì Land Rover àkọ́kọ́ tó jáde ní 1948. Ó sì mọ́ wọn lára. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi fi ọjọ́ méjì pẹ́ ni, ọkọ̀ yẹn ì bá ti di ìkòkò ọbẹ̀ lọ́jà.

Irin ni ṣáàsì rẹ̀ ní tirẹ̀, òun ló sì jẹrà. Wọ́n gé e láti àárín lọ sẹ́yìn, wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wá, 2,286 cc tí Land Rover lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi inú rẹ̀ ń dà pọ̀ mọ́ epo. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, ó ra ẹ́ńjìnnì Toyota 3Y, irú èyí tó wà nínú bọ́ọ̀sì HiAce, nítorí pé ó rọrùn láti rí nǹkan rẹ̀ rà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Toyota àti gíà Land Rover kò mọ ara wọn rí. Ọ̀gá kan tó ń gbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì ló ṣe àwo irin tó so wọ́n pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe àwo yẹn. Èkínní fẹ́lẹ́ jù. Èkejì, ojú ihò kan ṣoṣo ló yẹ̀, kò ju ìbú èékánná lọ, síbẹ̀ gíà ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ pa. Ẹ̀kẹta ló bá a mu, ẹ̀gbọ́n mi sì so èkejì mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí dòní kí àwọn ọmọṣẹ́ lè máa rí i.

Ọ̀rọ̀ sítíárì náà tún wà ńbẹ̀. Ẹ rántí pé apá òsì ni à ń gbà lójú títì nílẹ̀ yìí kó tó di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa. Ọkọ̀ 1964 nìyẹn, apá ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà, òfin ìrìnnà wa lónìí ò sì fẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbí ni mo ti kan sáárá sí àwọn tó ṣe Land Rover. Gbogbo ayé ni wọ́n ń tà á fún, nítorí náà wọ́n ti fi àyè sítíárì sílẹ̀ lápá méjèèjì. Àwọn aago tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré àti bí epo ṣe kù, àárín gbùngbùn ni wọ́n kàn wọ́n mọ́, kí wọ́n má baà ṣí wọn nípò bí sítíárì bá ṣí. Ohun tí mo rò pé ó máa gba oṣù kan, ọjọ́ márùn-ún ló gbà.

Iṣẹ́ parí ní 2021. Ẹ̀gbọ́n mi kùn ún ní àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi taya 7.50-16 tuntun sí i, ó sì dá orí ọ̀pá gíà kékeré méjèèjì padà sí àwọ̀ tí wọ́n bá wáyé: pupa àti yẹ́lò. Ẹni tó bá tẹ yẹ́lò wálẹ̀, taya iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ti ẹ̀yìn fà. Ẹni tó bá fa pupa sẹ́yìn, ọkọ̀ á máa rìn bí ìgbín, ṣùgbọ́n ó lè fa igi odindi. Ìwé owó tí mo bá a ṣírò lọ sí ₦2.9 mílíọ̀nù, láìka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn.

Kò sí ìgbà tí ọkọ̀ yẹn jáde tí ọ̀dọ́ kan ò ní fara tì í ya fọ́tò. Ẹni tó máa ya fọ́tò pọ̀, ẹni tó máa sanwó ni kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́yàwó, wọ́n bímọ, ọmọ ò sì ṣeé gbé sínú ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ le bí òkúta. Ìyá wa gùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti Mókọ́lá dé Dùgbẹ̀. Wọ́n ní àwọn á máa fẹsẹ̀ rìn.

Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Tísà fún un. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ní oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Ìgbóọrà, ọ̀nà oko náà sì ń di ẹrẹ̀ tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. 504 GL ni wọ́n ń gùn, èyí tí wọ́n tò ní Kaduna ní 1983. Bàbá fi owó tí ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ láti ra ọkọ̀ rà á ní 1984, kò sì sí ẹlòmíràn tó ní i rí.

Ẹni tí kò bá dàgbà tó lè máa rò pé kí ló wà nínú 504. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti Kaduna bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì ń tò 504 lọ títí di nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn tí ti Faransé fúnra rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1983. Nígbà ìjọba ológun Ọbásanjọ́ tí wọ́n ní kí àwọn aláṣẹ má ṣe fẹlá, 504 ni wọ́n kó wọn sí. Ọkọ̀ tí ọ̀gá ilé ìwé gùn nìyẹn, tí dókítà gùn, òun náà ni àwọn tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn ń kó èrò méje sí. Ní ọdún 1975 yẹn kan náà ló gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní ìlà oòrùn Áfíríkà, lójú ọ̀nà tí kò dára ju tiwa lọ. Ní ilé wa, 504 ni ọkọ̀ tí bàbá wa ń sọ pé àwọn máa rà títí wọ́n fi kú. Mo fura pé ìyẹn wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́wọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni a lọ. Ẹ ò ní gbàgbé àsìkò yẹn: owó tuntun ò sí, owó àtijọ́ ò sì ná, ènìyàn á tò sí báǹkì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Kò sẹ́ni tó máa rí mílíọ̀nù kó jọ ra ọkọ̀. Ohun tó jẹ́ kí pàṣípààrọ̀ bọ́gbọ́n mu nìyẹn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí owó àtijọ́ máa ná lọ ni, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà ò tíì gbà á.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbọ̀sẹ̀ we mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan. Ó ń fà á lọ lára 504 náà díẹ̀díẹ̀: lára ilẹ̀kùn, lẹ́bàá taya, lábẹ́ ibi tí ilẹ̀kùn ti ń pàdé ilẹ̀. Ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì bá ti já bọ́, fílà tí páńẹ́lì bítà ń pò ni wọ́n fi dí i, kò sí irin ńbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ti já, lẹ́yìn taya ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Bàbá Tísà ní, "Ewúrẹ́ mi ni mo yẹra fún níbẹ̀, ní 1996. Mo bá ògiri pàdé." Wọ́n wọlé, wọ́n gbé agolo Milo ńlá kan jáde. Ìwé rìsíìtì ló kún inú rẹ̀, láti orí epo tí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ ní 1984, wọ́n sì fi òwú dì í lọ́dọọdún. Mo ti rí ọkọ̀ tó dára ju ìyẹn lọ, mi ò tíì rí ìtàn ọkọ̀ tó pé tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan Bàbá. Wọn ò yẹ nǹkan kan wò. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò ẹnu. Ibo ni ẹ́ńjìnnì ti wá? Bréèkì ńkọ́? Tí nǹkan yìí bá bàjẹ́ ní oko, ta ni mo máa pè? Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn gbogbo rẹ̀ wéréwéré, láìwo ibì kankan. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mi ò fura nígbà náà pé ohun tó dáa jù nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òun náà ni àléébù: orí rẹ̀ ni gbogbo ìdáhùn wà.

Nígbà tó kan iye, ẹ̀gbọ́n mi pe Land Rover ní ₦3.5 mílíọ̀nù. Bàbá pe 504 ní ₦2.5 mílíọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi kó ìwé owó jáde, ó fi iṣẹ́ ọdún mẹ́rin lé e.

"Ọmọ mi, mo gbọ́," Bàbá ní. "Ọkọ̀ mi, tí mo bá fẹ́ tà á lọ́la, gbogbo ayé ló mọ ohun tí 504 jẹ́. Tìrẹ, tí mo bá fẹ́ tà á, mo ní láti mú ìwọ fúnra rẹ lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á kó o wá ṣàlàyé. Owó àlàyé yẹn, ta ló máa san án fún mi?"

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe yẹ kó gbọ́ ọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó. Ó dun ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí èsì kankan fún un. Ibi tí wọ́n fi orí ọ̀rọ̀ tì sí ni pé Bàbá á fi ₦250,000 àti àpò gàrí mẹ́jọ lé 504. Gàrí Ìgbóọrà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni owó tí Bàbá fi ránṣẹ́ fi ń yí nínú fóònù kó tó wọlé. Gàrí ti dé Ìbàdàn kí owó tó dé.

Ìgbà tí mo ń tẹ ìwé àdéhùn ni mo rí i pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ìwé Land Rover kì í ṣe ti Toyota. Ti ọdún 1964 ló ṣì wà ńbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé ọlọ́pàá wo ló máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo pe Bàbá Tísà. Wọ́n ní, "Mi ò ní gbé ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ ń purọ́." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. A lọ búra ní kóòtù pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, a so rìsíìtì Ládípọ̀ mọ́ ọn, a lọ sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tún un kọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ padà lápá méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, a kọ nọ́ńbà ṣáàsì ọkọ̀ méjèèjì sínú rẹ̀, a sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oníkálukú. Mo rò pé a ti gbẹ́ kànga tán.

Ohun tó wà nínú ìwé la tún ṣe. Wáyà ò sí nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà. Bátìrì ọkọ̀ ní orí méjì, èyí tí wọ́n sàmì àròpọ̀ sí àti èyí tí wọ́n sàmì àyọkúrò sí. Nínú ọkọ̀ òde òní, wáyà àyọkúrò ni wọ́n ń dè mọ́ bọ́dì. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, títí kan Land Rover ti 1964, òdìkejì ni: àròpọ̀ ló ń lọ sí bọ́dì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yọ jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ tó fi alternator Toyota, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, sí i, dandan ni kó yí i padà sí ti òde òní. Ó yí i padà. Ó ṣe é mọ́, ó ṣe é dáa. Wáyà dúdú ni ó sì lò fún orí méjèèjì, nítorí pé wáyà dúdú ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Ní Ìgbóọrà, ọmọ tó ń bá Bàbá ṣiṣẹ́ lóko tan iná ọkọ̀ sílẹ̀ mọ́jú. Bátìrì kú. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ réwáyà láti gba iná sí i, òun ló sì gbé e padà tó tún un dè. Réwáyà yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n ti ṣe Land Rover àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn nígbà tí wọ́n wà ní ọmọṣẹ́. Wọ́n wo ojú ọkọ̀, wọ́n mọ̀ pé ti àárín ọdún 1960 sí 1970 ni. Wọ́n wo wáyà méjèèjì, dúdú ni. Wọ́n ṣe ohun tó tọ́ fún ọkọ̀ 1964: wọ́n de àròpọ̀ mọ́ bọ́dì. Kí kọ́kọ́rọ́ tó wọlé pàápàá ni alternator ti ń rú èéfín.

Inú 504 ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gùn lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a débẹ̀, òórùn rọ́bà tó jó ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Wáyà ńlá tó jáde láti ara alternator ti yọ́ mọ́ irin, ara rẹ̀ ti rí bí ṣíńgọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti múra ìbínú láti Ìbàdàn. Bàbá réwáyà jókòó sórí taya àlòkù, wọn ò dìde.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ̀yin lẹ de bátìrì yìí?"

"Èmi ni. Ìwọ lo yí i padà?"

"Èmi ni, sà."

"Níbo lo kọ ọ́ sí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò fèsì.

"Mo ní níbo lo kọ ọ́ sí? O fi wáyà dúdú méjì sí i. O ò fi ọ̀dà pupa kan ojú rẹ̀. O ò lẹ bébà mọ́ ọn. Ṣé kí n lá àlá ni?"

Mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi kó máa bá kọ́sítọ́mà jà lórí ₦2,000. Lọ́jọ́ yẹn, ó dọ̀bálẹ̀. Kò ṣe é láti fi tu àgbà lójú o. Ó rí i pé òótọ́ ni.

Bí wọ́n ṣe pín gbèsè náà: ẹ̀gbọ́n mi ra alternator mìíràn, Bàbá Tísà ra wáyà, Bàbá réwáyà ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá bi mí, ẹ̀gbọ́n mi ló yẹ kó san gbogbo rẹ̀. Àdéhùn tí mo tẹ̀ ní "ọkọ̀ wà ní ipò pípé", ọkọ̀ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sì lè tún ṣe láì kọ́kọ́ jó o níná kò pé.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, 504 kú lójú ọ̀nà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Èrúwà ni. Mo ní háà. Ọmọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe lábẹ́ igi máńgòrò ló wá bá wa. Kò tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ìdérí distributor, èyí tó ń pín iná fún ẹ́ńjìnnì, ó fi èékánná họ pọ́íńtì inú rẹ̀, ó ní ó ti jó. Ó sáré lọ sí ẹ̀yìn ilé kan tí òkú Píjò akẹ́rù wà, ó tú tirẹ̀ wá, ó fi bébà fẹ́lẹ́ wọn àlàfo rẹ̀, ọkọ̀ bú. Ogún ìṣẹ́jú, ₦1,500. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú ọkọ̀, kò tíì gbé e. Ó ní, "Wọn ò tíì bí ọmọ yìí nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí." Kò sọ nǹkan mìíràn títí a fi dé Ìdó.

Kí ẹ má rò pé Píjò kò ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Òjò oṣù Kàrún fi hàn wá pé rọ́bà gíláàsì iwájú ti gbẹ, omi ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ó sì ti jẹ irin abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níwájú títí tí mo fi rí ọ̀dà kóńtà láti ibi tí mo jókòó sí. Mágínẹ́ẹ̀tì ò dé abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Páńẹ́lì bítà dí i pẹ̀lú irin gidi, Bàbá Tísà sì fi àpò gàrí méjì kún ti tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kàrún dé, tí ààrẹ tuntun ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Bẹntiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190 di ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Land Rover kì í sáré ju kìlómítà mẹ́fà lọ lórí lítà kan. Àwọn tó ní wọ́n rẹ́ Bàbá jẹ, orí èyí ni wọ́n dúró lé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní oṣù Kẹta. Bàbá fúnra wọn wá ọgbọ́n dá: wọ́n fi ọ̀kadà ń lọ sóko, Land Rover ń jáde lọ́jọ́ tí ẹ̀gẹ́ bá tó kó nìkan. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń kó ohun tí ọ̀kadà ogún ò lè kó, láti inú ẹrẹ̀ tí akẹ́rù mìíràn ò lè wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ra ìwé eléwé ọgọ́ta kan. Ó fi oṣù kan àbọ̀ kọ gbogbo ohun tó ṣe sí ọkọ̀ náà sínú rẹ̀: wáyà wo ló lọ síbo, bóòtù ìwọ̀n wo ló wà lára àwo irin yẹn, ibi tí sítíárì ti gbà lé ara ṣáàsì, bréèkì tó ti ọkọ̀ wo wá. Ó ya àwòrán. Kò kọ nǹkan púpọ̀ rí láti ìgbà tó ti jáde ìwé mẹ́wàá, lálẹ́ ni ó sì máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, tí á máa bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ èyí àti bí wọ́n ṣe ń kọ tọ̀hún. Ó fi ìwé náà rán dẹ́rẹ́bà kan sí Ìgbóọrà ní oṣù Kẹjọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, dẹ́rẹ́bà kan náà gbé e padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé Bàbá ò fẹ́ ẹ. Ó ṣí i. Bíírò pupa ni Bàbá Tísà fi lọ gbogbo ojú ìwé náà já. Wọ́n fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí kò ní. Wọ́n fa igi sábẹ́ "wáyà yẹn" níbi mẹ́rin, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Èwo?" Ní ojú ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣàlàyé bátìrì, wọ́n sàmì rere kan tó tóbi. Ní ti bréèkì, wọ́n kọ pé, "Kò yé mi, kò yé réwáyà. Tún un kọ." Lẹ́yìn ìwé, wọ́n fún un ní 13 nínú 20.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bóyá mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fa àga sún mọ́ iná, ó bi mí bóyá mo ní ìwé mìíràn.